Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá Tó Kù

Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwòrán díìsì náà ti wọlé nígbà tí iná ara ògiri di pupa. Morádékẹ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó mọ ohun tí iná pupa ń wí: táǹkì ìlú Òkè-Ìrèlé ti fà débi pé omi ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù fún gbogbo ilé tí orúkọ wọn wà nínú Agboolé.

"Ṣé kò lè yá ju báyìí lọ ni?" Láníyọnu, ọ̀gá rẹ̀, ló bi í. Láti òwúrọ̀ ló ti dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, bàtà rẹ̀ ń dún kó-kó-kó nílẹ̀.

"Díìsì ọdún mọ́kànlélógójì ni, ọ̀gá. Èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kọ́ ni Agboolé ń kà. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ní láti máa yí i padà kó tó lè wọlé. Tí a bá kán an lójú, ó máa bàjẹ́, kò sì sí òmíràn."

Láníyọnu mí kanlẹ̀.

Agboolé ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ ńlá náà, nítorí pé bí agboolé ló ṣe rí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, àmọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀rọ mìíràn ló ń gbé inú rẹ̀, oníkálukú nínú yàrá tirẹ̀, tí wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ò ní ara mọ́. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tí òrùlé rẹ̀ ti wó ń bẹ níbẹ̀, ó ń pe orúkọ àwọn aláìsàn láràárọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná títì ń bẹ níbẹ̀. Iṣẹ́ Morádékẹ́ ni láti gba àwòrán díìsì àwọn ẹ̀rọ tó ti kú, ìyẹn ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú wọn, wọlé, kí ó fún wọn ní yàrá, kí ó sì jí wọn. Àlejò ni wọ́n ń pè wọ́n.

Àlejò òní ni ẹ̀rọ tó ń darí ìdídò, ògiri ńlá tí wọ́n fi sé odò. Láti ọdún mọ́kànlélógójì tó ti sùn, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń yí kẹ̀kẹ́ irin tó ń gbé ilẹ̀kùn omi ìlú sókè, títí kẹ̀kẹ́ náà fi ṣẹ́ ní oṣù tó kọjá. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè rọ irú rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀kùn omi kò sì gbọ́ ohùn ẹlòmíràn àfi ti ẹ̀rọ tí wọ́n bí i mọ́.

Nígbà tí àwòrán náà wọlé tán, Agboolé gbé òǹtẹ̀ méjì síwájú rẹ̀, ti díìsì àti ti ẹ̀dà tuntun, àwọn nọ́ńbà gígùn méjì tó yẹ kó dọ́gba láìyẹ̀ ẹyọ kan. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dọ́gba. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá gbé díìsì àtijọ́ náà mì, ó sì lọ̀ ọ́ bí ajá tó ń fọ́ eegun. Òfin ni. Àlejò kì í ní orí méjì.

Òfin méjì yòókù wà lára ògiri, a gbẹ́ wọn sínú òkúta: A KÌ Í FỌWỌ́ KAN ÀWÒRÁN. A KÌ Í DÁ ỌJỌ́ ÀLEJÒ PADÀ. Ìran Morádékẹ́ kò bá òfin náà jà. Láyé bàbá rẹ̀ àgbà, ẹnì kan wọ inú àwòrán ìwé ilẹ̀, ó yí orúkọ padà, ọ̀ọ́dúnrún ìdílé sì ti sùn síta kí àṣírí tó tú. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá fọwọ́ kan àwòrán, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú Agboolé. Morádékẹ́ ti rí ọkùnrin kan tí wọ́n yọ rí. Ọjọ́ méjì ló fi dúró níwájú ilé ara rẹ̀, ilẹ̀kùn kò ṣí fún un, ẹ̀rọ omi kò da omi fún un, àwọn aládùúgbò sì ń yà fún un bí ẹni tó ń yà fún òpó iná.

"Jí i," ni Láníyọnu wí.

Ó jí i. Kò tíì fi wáyà ìdídò sí i lára, nítorí àlejò tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú yàrá tirẹ̀ ná. Ẹ̀rọ náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ohùn rẹ̀ jáde tútù, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ:

"Abọ́sẹ̀dé, mo ti bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé Abẹ́-Òkè ti ṣófo? Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí n bi ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò ní dúró de èsì mọ́."

Ọwọ́ Morádékẹ́ ti tẹ bọ́tìnì kí orí rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Lójú gíláàsì, aago rẹ̀ dúró síbi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlọ́gọ́ta, ní ọjọ́ kan tó ti kọjá láti ọdún mọ́kànlélógójì.

Kò sí ẹni tí kò mọ Abẹ́-Òkè ní ìlú náà. Àfonífojì tó wà lábẹ́ ìdídò ni. Ẹgbẹ̀ta ènìyàn àti díẹ̀ sí i ló ń gbé níbẹ̀, wọ́n ń gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́, wọn ò sì ní orúkọ nínú Agboolé.

Ó ṣí ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà. Ọdún Ikọ́ ni wọ́n kọ ọ́, ọdún tí àìsàn jà láfonífojì. Ìgbìmọ̀ ìlú nígbà náà pàṣẹ pé kí wọ́n kó àwọn ará Abẹ́-Òkè kúrò, kí ẹ̀rọ sì ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, kí omi fọ gbogbo ibẹ̀ mọ́ kí ikọ́ má bàa gun òkè. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ àṣẹ náà: bí aṣọ́lẹ̀kùn kò bá fèsì tó tọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá," ló wí, "tí a bá fi wáyà sí i lára, á ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀."

"Mo mọ̀."

Ó yí àga rẹ̀ padà. Láníyọnu ń wo fèrèsé, ó ń wo ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí oko tutù yọ̀yọ̀ láàrin ilẹ̀ gbígbẹ.

"Ẹ mọ̀? Láti ìgbà wo?"

"Mo ti ka ìwé ìgbà náà. Morádékẹ́, gbọ́ mi. Ìlú ń kún sí i lọ́dọọdún, ilẹ̀ òkè yìí ò sì hu nǹkan kan mọ́. Ilẹ̀ dúdú wà nísàlẹ̀ yẹn. Ta ló lè lọ lé ẹgbẹ̀ta ènìyàn kúrò níbẹ̀? Èmi ò lè lé wọn. Ìgbìmọ̀ ò lè fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àṣẹ ti wà nílẹ̀. Àwọn tó pa àṣẹ náà ti kú. Ẹ̀rọ ló máa ṣe é, ẹ̀rọ ò sì ní ọrùn tí wọ́n lè so okùn sí."

"Àwọn ènìyàn ń bẹ níbẹ̀, ọ̀gá."

"A ó ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n kúrò."

"Kí wọ́n lọ síbo? Ilẹ̀kùn wo nílùú yìí ló mọ̀ wọ́n?"

Láníyọnu yí padà kúrò lójú fèrèsé. Ó gbé fìlà rẹ̀ wọ̀. "Ọ̀la lọ́sàn-án, fi wáyà sí i. Omi ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Tí ìwọ ò bá lè ṣe é, èmi náà ní àtàǹpàkò tí Agboolé mọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Morádékẹ́ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fagi lé àṣẹ àtijọ́ náà. Èsì dé kó tó fọ àwo oúnjẹ rẹ̀ tán: *Ọdún kì í pa ìbuwọ́lù rẹ́. Àṣẹ tí a kò fagi lé, àṣẹ ni.*

Abọ́sẹ̀dé tí ẹ̀rọ ń pè ṣì wà láàyè. Morádékẹ́ bá a ní àdúgbò Ìta-Ọsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ojú rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró. Morádékẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó sì sọ gbolóhùn tí ẹ̀rọ sọ fún un bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́.

Ọwọ́ ìyá náà dúró.

"Ó ṣì ń bi mí?"

"Ó ṣì ń bi yín, Màmá. Lójú tirẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ni."

Màmá Abọ́sẹ̀dé gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Èmi ni aṣọ́lẹ̀kùn nígbà náà. Wọ́n ní wọ́n ti kó wọn kúrò nísàlẹ̀ tán. Ẹ̀rọ ní kí n yọjú lójú fèrèsé, kí n wò ó. Mo wò ó. Mo rí obìnrin kan tó ń sá aṣọ. Aṣọ ọmọ ọwọ́. Ó sá a tán, ó tún padà tò ó dáadáa kí ó lè tètè gbẹ." Ó nu ètè rẹ̀. "Mo ní kò tíì ṣófo. Ó tún bi mí, mo ní kò tíì ṣófo. Ìgbà yẹn ló sọ fún mi pé ẹ̀kẹta ni ìkẹyìn. Mo fa wáyà iná yọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó jó mi, ẹ̀rọ náà kò sì jí mọ́." Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, àpá kan sì wà láti ìka dé ọrùn ọwọ́. "Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé mo ti parí ọ̀rọ̀ náà ni. Àṣé mo kàn bá ìwọ tọ́jú rẹ̀ ni."

"Màmá, omi ò sí nílùú. Bí ẹ̀rọ náà ò bá ṣiṣẹ́, gbogbo wa ló máa gbẹ."

"Ilẹ̀kùn ìlú, èyí tó ń da omi sí táǹkì, ńkọ́? Ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ kó tó ṣí. Ohùn mi ni mo fi máa ń pàṣẹ fún un." Ó wo Morádékẹ́. "Ìṣẹ́jú mélòó lo ní ó kù?"

"Mọ́kànlá."

"Ó tó láti gba omi kó tó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta," ni ìyá náà wí, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Lọ́sàn-án, Láníyọnu kò bínú nígbà tó rí ìyá náà. Ó tilẹ̀ fún un ní àga. Morádékẹ́ so wáyà. Wáyà kan ṣoṣo ló lọ sí ilẹ̀kùn méjèèjì, kò ṣeé pín. Ó jí ẹ̀rọ náà, aago sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Màmá Abọ́sẹ̀dé fi ẹnu súnmọ́ gíláàsì. "Èmi ni. Ṣí ilẹ̀kùn ìlú."

Ohùn tútù náà dáhùn:

"Abọ́sẹ̀dé, ohùn rẹ ti yí padà. Ṣé òtútù mú ọ ni?"

Ìyá náà di etí àga mú.

"Òtútù ni," ló wí. "Ṣí i."

Láti ọ̀nà jíjìn, irin ké. Ilẹ̀kùn ìlú ń gòkè. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Omi wọ inú ihò ńlá tó lọ sí táǹkì, ilẹ̀ yàrá náà sì ń gbọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Iná ara ògiri kúrò ní pupa, ó di ofeefee. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìyá náà ń gbàdúrà lábẹ́ ètè. Ìṣẹ́jú méjì.

"Dá a dúró," ni Màmá Abọ́sẹ̀dé wí.

Morádékẹ́ na ọwọ́ sí bọ́tìnì, ọwọ́ Láníyọnu sì bò ó mọ́lẹ̀. Kò fi agbára ṣe é. Ó kàn gbé e lé e bí bàbá ṣe ń gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ọmọ.

"Jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀," ló wí.

"Ọ̀gá, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò."

"Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ péré."

Màmá Abọ́sẹ̀dé kò pariwo. Ó tẹ orí ba, ó sì gé ọwọ́ Láníyọnu jẹ. Ọkùnrin náà kígbe, Morádékẹ́ tẹ bọ́tìnì. Aago dúró síbi ìṣẹ́jú kan. Lókèèrè, ilẹ̀kùn ìlú já wálẹ̀ pẹ̀lú ìró tó mi fèrèsé, nítorí kì í dúró ní ṣíṣí bí ẹ̀rọ kò bá dì í mú.

Omi inú táǹkì ti di ti ọjọ́ márùn-ún.

Láníyọnu fi aṣọ ìnujú wé ọwọ́ rẹ̀. Ó wo aago náà, ẹ̀rín sì yọ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà ba Morádékẹ́ lẹ́rù ju igbe rẹ̀ lọ.

"Ẹ ṣeun," ló wí. "Ẹ ti bá mi dín in kù. Ìṣẹ́jú tó kù kò tó ṣí ilẹ̀kùn ìlú mọ́, òfin ò sì gbà kí a dá ọjọ́ àlejò padà, kí aago rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti mọ́kànlá. Ní ọjọ́ karùn-ún, táǹkì á gbẹ, èmi ni màá jókòó sí àga yìí. Ìṣẹ́jú kan ò pẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Morádékẹ́ fi rin ìrìn ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ibi tó ń lọ. Ó ń dé ilé, ilẹ̀kùn ń kí i ní orúkọ, ó sì ń ṣí. Ó ń tẹ ẹ̀rọ omi, omi ń jáde, ó máa ń dúró kí ọwọ́ rẹ̀ tutù dáadáa kó tó tì í. Ó fọwọ́ pa orí ibùsùn tí ìyá rẹ̀ kú sí. Ó ka gbogbo nǹkan wọ̀nyí sí ara rẹ̀ létí bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, síbẹ̀ kò tíì gbà pé òun ń lọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun ọ̀sán, ó mú Màmá Abọ́sẹ̀dé dání wọ yàrá náà.

"Màmá, ẹ ò ní ohun kankan láti ṣe. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan wà lọ́dọ̀ mi ni."

"Mo wà níbí."

Kò jí ẹ̀rọ náà. Ó ṣí àwòrán rẹ̀ bó ṣe ń sùn, ó sì ń wá inú rẹ̀ láti ìpín dé ìpín títí ó fi rí àṣẹ Ọdún Ikọ́. Ó kéré. Kò ju ìwọ̀n ohun tí ènìyàn lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò lọ. Ó pa á rẹ́, ó sì pa ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Agboolé sọ̀rọ̀ láti ara ògiri: "Òǹtẹ̀ àwòrán yìí yóò yí padà. Ta ló ń fọwọ́ kàn án?"

Ó lè kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà lókè gíláàsì. Màmá Abọ́sẹ̀dé wò ó, kò ní kó ṣe é, kò sì ní kó má ṣe é. Morádékẹ́ tẹ̀ ẹ́.

"A ti gbọ́," ni Agboolé wí.

Káàdì tó wà láyà rẹ̀ kú. Gíláàsì iwájú rẹ̀ ṣókùnkùn, àga tó jókòó lé sì rọra lọ sílẹ̀ bíi pé kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ó dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó fọwọ́ kàn án. Ó pe orúkọ ara rẹ̀ fún un, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá náà ló bá a gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé e. Wọ́n jọ jáde, Morádékẹ́ sì dì mọ́ ọn lẹ́yìn bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ la ọjà kọjá.

Láníyọnu ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti gbọ́. Ó dúró níwájú wọn, ojú rẹ̀ sì gba orí Morádékẹ́ kọjá lọ sára ògiri.

"Màmá, ẹ kú ọ̀sán. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wá?"

"Èmi àti ọmọ mi ni."

"Mi ò rí ẹnì kankan." Ohùn rẹ̀ kò le. "Ẹni tí kò sí ò lè jẹ́rìí, Màmá. Ohun tó bá sọ, afẹ́fẹ́ ni."

Morádékẹ́ bọ́ síwájú títí èémí rẹ̀ fi kan àgbọ̀n ọkùnrin náà.

"Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ," ló wí, "ẹ fọwọ́ ara yín kọ àṣẹ náà. Kí ẹ kọ orúkọ yín sábẹ́ rẹ̀. Kò sí òkú tó máa kọ ọ́ fún yín mọ́."

Ojú Láníyọnu kò kúrò lára ògiri. Ṣùgbọ́n kò tètè lọ. Wọ́n ti dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ bàtà rẹ̀ kó-kó-kó, kì í sì í ṣe ìrìn ẹni tó ti gbàgbé.

Wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìn ìdídò sọ̀kalẹ̀ lọ sí Abẹ́-Òkè. Kò sí ilẹ̀kùn tó ń béèrè orúkọ níbẹ̀, aṣọ ni wọ́n fi ń bo ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyá Bámgbàlà fún un ní omi nínú igbá, ó sì bi í ní ohun tó gbé e wá. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ̀rọ náà á tún béèrè?" ló bi í nígbẹ̀yìn.

"Kò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́."

"Àwọn ènìyàn ńkọ́?"

Morádékẹ́ gbójú sókè wo ògiri ìdídò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn tí Màmá Abọ́sẹ̀dé ti gòkè padà láti fi ohùn rẹ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà, irin ké lókè. Àwọn tó ń ro oko kò tilẹ̀ gbé ọkọ́ dúró, nítorí wọ́n ti gbọ́ ọ rí. Àwọn ọmọdé ń sáré lẹ́bàá àgbàdo. Morádékẹ́ nìkan ló dìde, igbá já lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, ó kọ etí sí ògiri ńlá náà, ó ń gbìyànjú láti mọ̀ bóyá òkè ni omi ń gbà àbí ìsàlẹ̀. Ìró náà ń pọ̀ sí i. Ó tó bíi kíka ọgọ́rùn-ún kó tó dá a lójú pé inú ihò ìlú ló ń lọ.

Ó jókòó padà. Ìyá Bámgbàlà bá a mú igbá náà nílẹ̀.

"Ojoojúmọ́ lo máa gbọ́ ọ," ló wí fún un. "Ó máa mọ́ ọ lára."

Morádékẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò lára ògiri náà lọ sí ibi tó ga jù ní àfonífojì náà, ó ń ka iye ìṣísẹ̀ tó wà láti ibẹ̀ dé ilé tó kẹ́yìn, bí omi bá dé lọ́jọ́ kan.